Ihò Kọ́, Omi Ni
Ẹni tó bá fẹ́ kí Walburga Zehetner sọ ohun tí ojú rẹ̀ ò rí, ó fẹ́ fàárọ̀ ṣòfò ni. Ìyá rẹ̀, tó ń sin màlúù lórí òkè ní Tirol nílẹ̀ Austria, máa ń sọ pé orí ọmọ náà le ju àpáta ẹ̀yìnkùlé wọn lọ. Burgi ni wọ́n ń pè é. Orí líle yìí ló gbé e dé Vienna, ló sọ ọ́ di akẹ́kọ̀ọ́ oyè ọ̀mọ̀wé lọ́dọ̀ Ọ̀jọ̀gbọ́n Hallwirth, òun náà ló sì kó o sí wàhálà níbẹ̀.

Òkúta kékeré kan ni wọ́n ń wò níbi iṣẹ́ ìwádìí Hallwirth: taiténíọ́mù tó ti gba ọ́síjìn mọ́ra, irú èyí tí wọ́n ń lọ̀ sínú ọ̀dà funfun. Inú àgbá irin ló máa ń wà, wọ́n á sì fa afẹ́fẹ́ àgbá náà jáde títí wọn á fi ní kò ku nǹkan kan. Ẹnu lásán ni. Omi kì í tán bọ̀rọ̀, ó máa ń lẹ̀ mọ́ ara irin nínú lọ́hùn-ún bí àlejò tí kò mọ̀ pé ilẹ̀ ti ṣú. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi fọ́ìlì we àgbá náà látòkè délẹ̀, tí wọ́n á sì máa yan án kí omi lè jáde. Burgi kì í jẹ́ kí ẹlòmíì bá òun we fọ́ìlì yẹn.

Abẹ́rẹ́ kan wà nínú àgbá tó ń tọ ojú òkúta náà, tó ń gbé àwòrán rẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà. Àwọn àmì tóótòòtó tó ń tàn máa ń wà lára àwòrán. Hallwirth ní ihò ni wọ́n, ibi tí ọ́síjìn ti já kúrò. Ó ti sọ bẹ́ẹ̀ níbi àpérò ní Copenhagen, ó ti sọ ọ́ ní Berlin. Ó ti kọ àpilẹ̀kọ lé e lórí tí wọn ò tíì tẹ̀ jáde, orúkọ Burgi ló sì tẹ̀ lé tirẹ̀ níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ará Vienna kì í fi oúnjẹ ọ̀sán ṣeré. Bí wọ́n bá ti yan òkúta náà fúnra rẹ̀ kí ojú rẹ̀ lè mọ́ tán, ilé oúnjẹ ni gbogbo wọn ń gbà lọ, wọ́n á mu kọfí lé e, kí wọ́n tó padà wá ya àwòrán. Lọ́jọ́ kan, Burgi ò lọ. Ó ya àwòrán lójú ẹsẹ̀, ó tún ya òmíràn nígbà tí àwọn yòókù ń nu ẹnu bọ̀. Tóótòòtó inú èyí àkọ́kọ́ kọ́ ló wà nínú ìkejì; òmíràn ti gba ipò wọn.

"Ọ̀jọ̀gbọ́n," ó ní, "ihò kọ́ lèyí. Omi ni. Ó ti ara àgbá bọ́ sórí òkúta nígbà tí ẹ lọ jẹun."

"Omi wo? Ṣebí ẹ̀yin náà lẹ we fọ́ìlì, Frau Zehetner?" Frau ni ìyáàfin níbẹ̀, ẹ̀yin sì ni ọ̀jọ̀gbọ́n pàápàá ń pe akẹ́kọ̀ọ́.

"Èmi ni. Ó ṣì kù. Bó bá ti bọ́ sínú ihò, ṣe ló ń pín sí méjì. Apá kan á dí ihò náà, háídírójìn tó kù á lọ gun ọ́síjìn ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹ wò ó." Ó fi kún iná mànàmáná tó ń gba ara abẹ́rẹ́ náà. Àwọn tóótòòtó bẹ̀rẹ̀ sí í pòórá lọ́kọ̀ọ̀kan. "Háídírójìn ló ń sá lọ yẹn. Ṣé ihò máa ń sá ni?"

Hallwirth wò ó pẹ́. Ó rí i, Burgi sì rí i pé ó rí i. Àmọ́ ẹyin lọ̀rọ̀. Èyí tó ti bọ́ lẹ́nu rẹ̀ káàkiri, kò mọ bí yóò ṣe ṣà á.

"Ẹ jẹ́ ká fi bẹ́ẹ̀ sílẹ̀," ó ní. "Oyè yín ti sún mọ́lé."

Títí di ọ̀sán yẹn, àṣìṣe ni. Láti ìgbà yẹn lọ, irọ́ ni, inú sì bí Burgi débi pé kò lè jókòó.

"Fọwọ́ sí àpilẹ̀kọ yẹn, jàre," Ulrich tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ sọ fún un. "Gba oyè ẹ, kó o tó máa bínú. Ọ̀mọ̀wé tó ń bínú ń rí jẹ ju akẹ́kọ̀ọ́ tó ń bínú lọ."

"Ìwọ ni kó o bá mi jẹ ẹ́."

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, Hallwirth kó wọn lọ sí ọgbà ọlọ́tí kan ní Stammersdorf létí Vienna, níbi tí wọ́n ti ń ta wáìnì tuntun àti búrẹ́dì tí wọ́n fi ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ pa. Ó dìde, ó gbé ife. Níbẹ̀, àgbà ló ń yọ̀ǹda fún ọmọdé pé kó máa pe òun ní ìwọ. Ọlá ńlá ni, wọn kì í kọ̀ ọ́.

"Burgi," ó ní, "Gernot lorúkọ mi. Láti òní lọ, má ṣe pè mí ní ẹ̀yin mọ́."

Burgi mọ̀ pé ìfọwọ́sí òun ni Hallwirth fẹ́ fi ọlá yẹn rà.

"Ọ̀jọ̀gbọ́n, ẹni tí mo bá ń pè ní ìwọ, mi ò lè máa fọ̀rọ̀ pa mọ́ fún un. Ṣé ẹ ṣì fẹ́ bẹ́ẹ̀?"

"Mo fẹ́." Lójú gbogbo èèyàn, kí ni ì bá tún wí?

Àwọn méjèèjì fa apá kọ́ra bí àṣà ibẹ̀, wọ́n mu. Burgi mu tirẹ̀ tán pátá, ó sì gbé ife kalẹ̀.

"Gernot," ó ní, "irọ́ lo kọ. Omi ni, o sì rí i. Yọ orúkọ mi kúrò níbẹ̀."

Ulrich ò jẹ búrẹ́dì ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Hallwirth rọra béèrè pé, "Oyè ẹ ńkọ́?"

"Ọwọ́ ẹ ló wà," Burgi dá a lóhùn. "Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí n tó mu ún."