Bọ́ọ̀dù Tó Ń Ṣọ́ Ẹyin Mi

Ní Ìgándò, níbi tí mo ti ń fi ẹ̀rọ sàba ẹyin adìẹ, ọkùnrin kan wá so bọ́ọ̀dù kékeré kan, tí kò ju páálí ìṣáná lọ, mọ́ ẹ̀rọ mi. Ó ní á máa wọn ooru inú rẹ̀, á sì máa kọ ọ́ tààrà sínú dátábéèsì, ìyẹn àkójọ àkọsílẹ̀ orí kọ̀ǹpútà, kan lókè òkun, kí n lè máa wò ó lórí fóònù. Ara fu mí. Kí ni ooru ẹyin mi ń wá lọ sókè òkun?

Nígbà tó yá, ooru tí fóònù ń fi hàn bẹ̀rẹ̀ sí í fò: á lọ sílẹ̀, á tún gòkè lójú ẹsẹ̀. Ọkùnrin náà ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. Mi ò gbà á gbọ́. Mo yọ bọ́ọ̀dù náà kúrò lára ẹ̀rọ àti iná, mo gbé e lé àtẹ́lẹwọ́, mo wá wo fóònù. Nọ́ńbà ooru ṣì ń wọlé síbẹ̀. Mo pè é.

"Mọ́mì, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni."

"Nẹ́tíwọ́ọ̀kì wo? Ohun tó yẹ kó máa sọ̀rọ̀ ló wà lọ́wọ́ mi yìí, jàre. Ta ló wá ń sọ̀rọ̀?"

Ó wá jẹ́wọ́ pé òun ní oníbàárà mìíràn ní Ìpájà, pé orúkọ kan náà àti páswọ́ọ̀dù kan náà lòun kọ sínú bọ́ọ̀dù àwa méjèèjì, tí ooru wa fi ń wọ ojú kan náà. Èyí tó ń wọlé yẹn, ti Ìpájà ni.

Ooru tó máa ń lọ sílẹ̀ yẹn ni tèmi.

Mo ṣílẹ̀kùn ẹ̀rọ, mo fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan àwọn ẹyin. Wọ́n ti tutù.