Ohùn Ìyá Aránṣọ Nínú Fóònù

Gbogbo àdúgbò ló mọ̀ pé tí ọkọ Ìyá Aránṣọ bá lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ láàárọ̀, ariwo ìyàwó rẹ̀ ló fi gbé e mì, kì í ṣe omi. Iṣẹ́ káfíńtà ni bàbá náà ṣe kó tó fẹ̀yìn tì, ó sì lágídí bí igi tí ìṣó ò wọ̀. A ní òun ti lò ó. Ìyá Aránṣọ a gbé tìmùtìmù àga sókè, a bá hóró oògùn níbẹ̀.

"Bàbá àwọn ọmọ, ṣé àga yìí ló ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni?"

Nígbà tí nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn wọn wá sọ pé àwọn ọ̀dọ́ kan fẹ́ ṣe áàpù tí yóò máa rán àwọn àgbàlagbà létí oògùn, àti pé àwọn àgbàlagbà fúnra wọn ni wọ́n fẹ́ kó bá wọn ṣe é, kíá ni Ìyá Aránṣọ gbà. Ó fa ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́ lọ síbẹ̀ bí ẹni ń mú ọmọ lọ sílé ìwé.

Ẹ̀yìn ilé ìwòsàn ni yàrá ìpàdé wà: àga oníke, fáànù tó ń dún kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀, bébà fífẹ̀ lára ògiri. Ọmọbìnrin kan tí àwọn àgbà sọ ní Onífóònù ló ń darí iṣẹ́ náà. Ó pín fóònù fún wọn. Ti Bàbá Káfíńtà ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"O kò tíì lo oògùn rẹ. Lo oògùn rẹ báyìí."

Bàbá gbé fóònù náà jìnnà sí ara.

"Ta ló ń bá wí?" ni bàbá bèèrè. "Ṣé ẹgbẹ́ ẹ̀ ni mí ni?"

Onífóònù ti kúnlẹ̀. "Ẹ má bínú, sà. Báwo ló ṣe yẹ kó sọ ọ́?"

Ibẹ̀ niṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Tíṣà àgbà kan ní kó kọ́kọ́ kí èèyàn ná. Ẹlòmíì ní tí kíkí yẹn bá pẹ́ jù, ẹ̀jẹ̀ á ti ru tán kó tó kan oògùn. Wọ́n ní kí lẹ́tà tóbi sí i. Bọ́tìnnì pupa tó wà láàárín ojú fóònù, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Wọ́n rò pé ó lè bú gbàmù. Onífóònù ń rẹ́rìn-ín, ó ń gé bébà, ó ń lẹ òmíràn. Ó wá bèèrè ohùn ta ni wọ́n fẹ́.

"Ohùn ẹnikẹ́ni," ni Bàbá Káfíńtà dáhùn, "tí kò bá ṣáà ti jẹ́ ti ìyàwó mi."

Yàrá dà rú fún ẹ̀rín. Ìyá Aránṣọ náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ta á díẹ̀. Wọ́n mú ohùn kan tó tutù, tó dùn bí oyin, kálukú sì gbé fóònù lọ sílé láti dán an wò.

Kò pẹ́ tí ọmọbìnrin wọn bímọ, Ìyá Aránṣọ sì lọ bá a tọ́jú ọmọ. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọkọ rẹ̀ pè é.

"Ìyá àwọn ọmọ, ọmọ ńkọ́?"

"Ọmọ wà dáadáa. Ẹ ti lo oògùn?"

Bàbá wúkọ́. Ìyá Aránṣọ mọ ikọ́ yẹn.

"Háà! Bàbá, ẹ dìde níbi tẹ́ ẹ jókòó sí! Ẹ bu omi! Ẹ gbé oògùn yẹn mì kí n gbọ́ ọ! Àbí kí n gbé ọmọ tuntun sílẹ̀ kí n máa bọ̀ ni?"

Ohun tó gbọ́ tẹ̀ lé e ni ẹ̀rín ọ̀pọ̀ èèyàn. Yàrá ìpàdé ni bàbá ti pè é, ó sì ti tan ohùn fóònù síta.

"Ṣé ẹ gbọ́?" ni bàbá ń sọ fún wọn. "Ohùn oyin yẹn, oorun ló ń kùn mí. Látìgbà tí ìyàwó mi ti lọ, mi ò rẹ́ni bá jà, oògùn ò sì lọ. Eléyìí gan-an ni mo fẹ́."

Ìyá Aránṣọ di fóònù mú, kò mọ èyí tí ì bá ṣe nínú ẹ̀rín àti ìbínú.

"Mọ́mì, kí ló dé?"

"Bàbá yín ni. Ó ní àárò ariwo mi ń sọ òun." Ó yára fi etí aṣọ nu ojú.

Nígbà tó padà dé, Onífóònù wá tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀ dáadáa láti gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, ó sì gbà. Ṣùgbọ́n bó ṣe jókòó níwájú ẹ̀rọ, ahọ́n rẹ̀ gan.

"Ẹ... jọ̀wọ́... ẹ lo... oògùn... yín."

Wọ́n gbìyànjú títí. Obìnrin tí ohùn rẹ̀ ń dé ìpẹ̀kun òpópónà wá ń sọ̀rọ̀ bí ẹni gbé abẹ́rẹ́ mì. Ni Onífóònù bá jáde, ó pe Bàbá Káfíńtà wọlé. Bàbá jókòó, ó gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀, ó ń wo àjà.

"Èmi ò lo oògùn kankan lónìí o. Mi ò sì ní í lò ó lọ́la."

"Kí lẹ wí?"

Ìyá Aránṣọ gbàgbé ẹ̀rọ, ó gbàgbé yàrá, ó fi ariwo bọnu. Nígbà tó fi máa mí, Onífóònù ti fọwọ́ bo ẹnu, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n fún ẹ̀rín.

"O ti gbà á sílẹ̀, àbí?" ni bàbá bèèrè. "Má yọ ibi tó ti ní orí mi le bí pákó kúrò o."

Nígbà tí áàpù jáde, wọ́n fi ohùn oyin sí i, wọ́n sì fi ti Ìyá Aránṣọ sí i, kí kálukú mú èyí tó wù ú. Tíṣà àgbà mú ti Ìyá Aránṣọ. Ó ní ó jọ ti ìyàwó òun tó ti dolóògbé, òun kàn ń gbádùn kí ẹnì kan tún máa bá òun wí nínú ilé.

Lọ́jọ́ kan, Ìyá Aránṣọ wà lórí ìlà ní báńkì nígbà tí báàgì obìnrin àgbàlagbà kan níwájú rẹ̀ pariwo: "Ẹ bu omi! Ẹ gbé oògùn yẹn mì kí n gbọ́ ọ!" Obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìgò omi kíákíá.

"Ẹ má bínú o," ló sọ fún Ìyá Aránṣọ. "Obìnrin inú fóònù yìí le ju ìyá ọkọ mi lọ."

Ìyá Aránṣọ bá a di báàgì mú kó lè ráyè mu omi.

"Ẹ máa gbọ́ràn sí i lẹ́nu," ló wí. "Kò níkà nínú."