Ohun Kẹfà Tó Wà Nínú Ìwé Náà

Epo ẹ́ńjìnnì nìkan ni aránṣọ náà ní kí wọ́n bá òun pààrọ̀. Àárọ̀ ọjọ́ Ajé ni. Ó gbé mọ́tò rẹ̀ lọ sí ilé-iṣẹ́ tó ti rà á, ó jókòó sínú yàrá onígíláàsì tí àwọn oníbàárà ti ń dúró, ó ń fi ọwọ́ ran etí aṣọ kan kí àkókò lè tètè lọ. Kò tíì ràn án dé ìdajì tí ọkùnrin tó ń gba mọ́tò wọlé fi dé, tòun ti ìwé lọ́wọ́. Ẹ̀wù ọkùnrin náà funfun báláú, kò sí àbàwọ́n epo kankan lára rẹ̀.

Nǹkan méje ló wà nínú ìwé ọ̀hún. Wọ́n fi yíǹkì pupa fa ìlà sábẹ́ mẹ́ta: bíréèkì, bẹ́líìtì, ṣọ́ọ̀kì. Ó ní mọ́tò náà gbọ́dọ̀ wà lọ́dọ̀ àwọn di ọjọ́ Ẹtì.

"Bíréèkì yìí ti tán, mà," ló wí. "Bẹ́ ẹ bá wà á jáde báyìí, ẹ̀mí yín lẹ fi ń ṣeré o."

Abẹ́rẹ́ gún aránṣọ níka, kò tilẹ̀ mọ̀. Nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án, ẹ̀yìn mọ́tò bàbá rẹ̀ ló jókòó sí lọ́jọ́ tí bíréèkì já lórí ìdàgẹ̀rẹ́ tó wà lẹ́yìn ilé-iṣẹ́ omi. Ògiri ló dá wọn dúró. Títí bàbá rẹ̀ fi kú, ọ̀pá ló fi ń rìn. Ẹni tí ejò ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Orí ìdàgẹ̀rẹ́ yẹn kan náà ló sì ń gbé ìyá rẹ̀ gbà lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀ lọ sílé ìwòsàn, nítorí kíndìnrín ìyá ò ṣiṣẹ́ mọ́, ẹ̀rọ ló ń bá a fọ ẹ̀jẹ̀. Ọ̀la gan-an ni wọ́n tún ń retí ìyá níbẹ̀.

Ó bẹ ọkùnrin náà pé kó fi bíréèkì tó tán ọ̀hún han òun. Ìyẹn ní oníbàárà kì í wọ ibi iṣẹ́, òfin ni. Ó bi í bóyá mọ́tò náà ṣì lè gbé òun fún ọjọ́ mélòó kan. Ìwé mìíràn ló nà sí i, kó fọwọ́ sí i pé wọ́n ti kìlọ̀ fún un.

Ó fọwọ́ sí i. Bó ṣe wa mọ́tò délé, Ọlọ́run ló mọ̀. Ìgbín ì bá ṣáájú rẹ̀. Ó ń tẹ bíréèkì, ó ń bi ara rẹ̀ bóyá bó ṣe ń wọlé tẹ́lẹ̀ nìyí. Gbogbo ìró tí kò kọbi ara sí rí, ó ń gbọ́ ọ báyìí.

Ó pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin lórí fóònù. Ẹ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín, ó ní olè tó wọ ẹ̀wù funfun ni gbogbo wọn, kò sí ohun tó ṣe mọ́tò náà, kó máa wà á lọ ní tiẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn ì bá fi í lọ́kàn balẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n kọ́ ló máa jókòó sínú mọ́tò. Ìyá ní kí àwọn jẹ́ kí ti ọ̀la kọjá, pé ẹ̀jẹ̀ òun ò dọ̀tí tó bẹ́ẹ̀. Aránṣọ ò rẹ́rìn-ín. Ìgbà kan ṣoṣo tí ìyá pa ọjọ́ ìtọ́jú jẹ, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú bí ìrọ̀rí, ó sì ń wá èémí bí ẹja tó bọ́ sórí ilẹ̀. Iwájú ò ṣeé lọ, ẹ̀yìn ò ṣeé padà sí.

Abéèrè kì í ṣìnà. Ọkọ ọ̀kan lára àwọn tó ń ránṣọ fún ti fi ọgbọ̀n ọdún tún bọ́ọ̀sì ṣe kó tó fẹ̀yìn tì. Bàbá Elétí ni wọ́n ń pè é, torí etí ló fi ń mọ àrùn mọ́tò. Kí ilẹ̀ tó ṣú, aránṣọ ti wà lágbàlá rẹ̀. Ó fi ìwé pa mọ́ sínú àpò, kò fẹ́ kí ìwé bá bàbá ronú. Ó kàn ní, "Bàbá, ẹ bá mi wo gbogbo ara ẹ̀. Ẹ̀rù ń bà mí."

Bàbá gbé jáàkì sábẹ́ mọ́tò, ó tú táyà òsì iwájú. Ó mú ọwọ́ aránṣọ, ó fi kan bíréèkì.

"Wò ó fúnra rẹ. Bó bá tín-ín-rín bí èékánná, ó ti tó pààrọ̀. Eléyìí ṣì nípọn bí ìka rẹ tó kéré jù. Ó máa lò tó ọdún kan."

Ó tan tọ́ọ̀ṣì sí bẹ́líìtì: kò sán. Ó fọwọ́ nu ara ṣọ́ọ̀kì: kò jo. Ọkàn aránṣọ bẹ̀rẹ̀ sí í balẹ̀, ó ti ń ro ohun tó máa sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ìgbà náà ni bàbá gbé jáàkì sí apá ọ̀tún, ó di táyà ibẹ̀ mú lókè àti nísàlẹ̀, ó mì í. Ó dún kọ̀. Ó tún mì í. Kọ̀. Bàbá rá wọ abẹ́ mọ́tò, ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó jáde, ojú rẹ̀ ti yí.

"Ta ló wa mọ́tò yìí débí?"

"Èmi ni, bàbá."

"Ọmọ mi, oríkèé irin tó di táyà yìí mú ti fẹ́ yọ tán. Kòtò kan péré tó o bá kó sí, táyà á ṣẹ́ wọ abẹ́ mọ́tò. Kò sí bíréèkì tó máa gbà ọ́."

Aránṣọ jókòó sórí táyà tó wà nílẹ̀, ó fa ìwé yọ, ó kà á láti òkè. Ohun kẹfà ni, láàárín omi ìfọ-gíláàsì àti iná ẹ̀yìn: oríkèé táyà ọ̀tún. Kò sí pupa lábẹ́ rẹ̀. Ohun tí wọ́n kọ síwájú rẹ̀ ni pé ó lè dúró.

Ìyẹn ló dẹ́rù bà á ju gbogbo rẹ̀ lọ. Láti àárọ̀ ló ti ń bẹ̀rù bíréèkì tí kò ṣe nǹkan kan, bẹ́ẹ̀ ikú gan-an ń bá a rìn lọ́wọ́ ọ̀tún. Bó bá gba ti aláṣọ funfun, wọ́n á pààrọ̀ ohun tó dáa. Bó bá gba ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀... Kò lè ro ìyẹn parí.

Mọ́tò ò kúrò lágbàlá bàbá. Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó háyà takisí fún ìyá. Bí wọ́n ṣe ń sọ̀kalẹ̀ lórí ìdàgẹ̀rẹ́, awakọ̀ ń súfèé, aránṣọ ń tẹ́tí sí táyà ẹni ẹlẹ́ni. Ìyá ní kó fọwọ́ òun sílẹ̀, pé egungun ni, kì í ṣe irin.

Lọ́jọ́rú, bàbá fi oríkèé tuntun sí i. Ó ní kí aránṣọ mi táyà náà fúnra rẹ̀ ṣáájú àti lẹ́yìn iṣẹ́, títí ọwọ́ rẹ̀ fi mọ ìyàtọ̀. Lẹ́yìn náà aránṣọ mú oríkèé àtijọ́ lọ sí ilé-iṣẹ́ ọ̀hún, ó gbé e sórí tábìlì, ó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ láìpariwo. Ọkùnrin aláṣọ funfun náà fi ìka tì í. Orí irin náà kàn ń yí gbirigbiri.

"Kì í ṣe èmi ni mo yẹ̀ ẹ́ wò, mà," ló wí. "Ohun tí wọ́n bá kọ fún mi ni mo máa ń kà."

"Ṣé ẹ ti wọ abẹ́ mọ́tò rí?"

Ó ní rárá.

Lọ́jọ́ kejì, aránṣọ gbé ìyá sínú mọ́tò. Ìyá sùn lọ lójú ọ̀nà. Aránṣọ ò gbọ́ ìró kankan, àìgbọ́ ọ̀hún gan-an sì ń dẹ́rù bà á. Nígbà tí wọ́n dé ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn, ó pẹ́ kí ìka rẹ̀ tó tú kúrò lára sítíárìn.