Ọmọ Ìjọ Lásán Láàárín Àwọn Olórí

Òórùn ọ̀dà tuntun ló kọ́kọ́ pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn náà. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kun ògiri rẹ̀ nítorí sẹmínà àwọn olórí ìjọ, òjò sì rọ̀ mọ́jú, kò jẹ́ kí ọ̀dà náà gbẹ tán. Ẹni tó bá fara kan ògiri, aṣọ rẹ̀ á gba tirẹ̀ níbẹ̀. Gbọ̀ngàn ọ̀hún kò jìnnà sí ojú irin níbí ní Ọ̀fà. Ìwọ náà á ti gba iwájú rẹ̀ kọjá láìmọye ìgbà.

Kì í ṣe èmi ni wọ́n pè. Tíṣà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí, ọmọ ìjọ lásán sì ni mí pẹ̀lú: mi ò sí nínú ẹgbẹ́ akọrin, mi ò sí nínú ìgbìmọ̀ kankan, ọ̀dọ̀ fèrèsé lẹ́yìn ni mo máa ń jókòó sí. Ìyá Ìjọ wa ni wọ́n pè, àmọ́ ọmọ wọn bímọ ní Ìlọrin lọ́sẹ̀ yẹn gan-an. Wọ́n ní, "Tíṣà, ẹ bá mi lọ jókòó síbẹ̀, kí wọ́n má baà ní ìjọ wa ò wá. Ẹ ò ní sọ nǹkan kan. Ẹ ṣáà máa gbọ́." Ilé-ìwé ti gba ìsinmi, mi ò sì rí àwáwí kankan ṣe.

Ọ̀dọ́bìnrin tó ń pín báàjì kò bi mí ní ìbéèrè. Ó kàn fi èyí tí wọ́n kọ OLÓRÍ sí gàdàgbà kọ́ mi lọ́rùn, ó ní, "Ẹ káàbọ̀ ma, Mummy." Kí n tó la ẹnu, àwọn tó wà lẹ́yìn mi ti ń tì mí wọlé. Mo fa ìborùn mi sọ̀kalẹ̀ láti fi bo báàjì náà, àmọ́ ta ni ìyẹn fẹ́ tàn? Àwọn àlùfáà ń bọ̀ mí lọ́wọ́, àwọn ìyàwó pásítọ̀ ń bi mí pé ìjọ wo ni mò ń darí. Mò ń rẹ́rìn-ín, mò ń sọ pé, "Ìjọ wa ò jìnnà síbí o." Irọ́ kọ́, ṣùgbọ́n ara mi ò balẹ̀.

Ẹ̀gbẹ́ bàbá àgbàlagbà kan ni mo rí àyè jókòó sí, pásítọ̀ ni wọ́n, láti Ẹ̀rìn-Ilé. O mọ bí àwa àti Ẹ̀rìn-Ilé tá a jọ pààlà ṣe máa ń jà lórí ọ̀rọ̀ ilẹ̀. Nígbà tí mo wà ní kékeré, bí ọ̀rọ̀ náà bá ti gbóná, ìyá mi kì í jẹ́ ká gba ọ̀nà ibẹ̀ yẹn rárá. Torí náà, nígbà tí mo gbọ́ ibi tí bàbá ti wá, mo kí wọn tìṣọ́ra-tìṣọ́ra. Àmọ́ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ kò sí lẹ́nu wọn. Ká sọ tòótọ́, kò sí ọ̀rọ̀ kankan lẹ́nu wọn. Gbogbo ènìyàn ń kọ ohun tí olùkọ́ tó wá láti Ìlọrin ń sọ nípa bí olùṣọ́-àgùntàn ṣe ń tọ́jú agbo. Bàbá ò ṣí bírò wọn. Ọwọ́ ara wọn ni wọ́n ń wò.

Nígbà tó kù díẹ̀ ká jẹun, olùkọ́ náà ní, "Ẹ yíjú sí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín. Ẹ sọ ẹrù kan tí ẹ ò lè sọ fún ìjọ yín, kí ẹ sì gbàdúrà fún ara yín." Èmi tí mi ò ní ìjọ tí mò ń darí, ẹrù wo ni mo fẹ́ sọ? Mò ń rò ó pé kí n dìde bí ẹni ń lọ tọ̀, ni bàbá bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀.

"Mummy, láti ìgbà tí ìyàwó mi ti kú, mi ò lè gbàdúrà mọ́. Èyí tí mò ń gbà lórí pẹpẹ, ẹnu lásán ni. Bí mo bá délé, tí mo ní kí n kúnlẹ̀, ńṣe ni mo máa ń dìde padà. Ní Sọ́ńdè tó ń bọ̀, màá kó kọ́kọ́rọ́ ìjọ fún àwọn alàgbà, màá sì kọjá sọ́dọ̀ ọmọ mi n'Ìbàdàn. Mi ò ní sọ ìdí fún ẹnì kankan."

Mo ká ìborùn mi kúrò, mo bọ́ báàjì náà kúrò lọ́rùn. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má bínú. Èmi kì í ṣe olórí o. Wọ́n ní kí n wá jókòó sípò Ìyá Ìjọ wa ni. Ẹ jẹ́ kí n pe ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí tọ́ sí wá."

Bàbá náà mi orí. "Ẹ jókòó. Ká ní olórí ni yín, ẹ̀ bá ti máa wá ẹsẹ̀ Bíbélì tí ẹ fẹ́ kà fún mi. Mo mọ gbogbo wọn."

Mo jókòó. Mo bi wọ́n léèrè irú ènìyàn tí ìyàwó wọn jẹ́. Wọ́n ní aláwàdà ni, pé bí ìwàásù bá ti gùn jù, á fi gèlè rẹ̀ dárà láti ọ̀ọ́kán, á máa tún un wé títí bàbá á fi parí. Wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀, omijé wá kún ojú wọn. Mo na áńkáṣífù mi sí wọn.

Ìgbà yẹn ni mo sọ ohun kan ṣoṣo tí mo mọ̀. Mo ní, "Sà, mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń darí ìjọ. Àmọ́ mo mọ bó ṣe ń rí fún àwa tá a máa ń jókòó lẹ́yìn. Bí pásítọ̀ wa bá sọ fún wa pé ó rẹ òun, a ò ní bínú. Bó bá lọ láìsọ nǹkan kan, a óò máa bi ara wa pé kí la ṣe fún un. Ẹ sọ fún wọn pé ó rẹ̀ yín, sà."

Olùkọ́ ti ń kígbe nínú máìkì pé ká bẹ̀rẹ̀ àdúrà, gbọ̀ngàn sì gba ariwo kan. Èmi ò mọ àdúrà olórí gbà, torí náà mo gba irú èyí tí mo máa ń gbà fún àwọn ọmọ mi nílé. Mo ní, "Olúwa, wo bàbá yìí. Ó ti rẹ̀ wọ́n. Jẹ́ kí wọ́n rí oorun sùn. Àmín."

Bàbá lajú. "Ó ti tán?"

"Ó ti tán, sà."

Wọ́n ní àmín. À ń dúró de àwọn yòókù, tí wọ́n ṣì ń gbàdúrà.

Nígbà tá a jẹ ìrẹsì tán, bàbá wọ kẹ̀kẹ́ lọ síbi tí wọ́n ti ń wọkọ̀ Ẹ̀rìn-Ilé. Wọn ò ṣe ìlérí kankan fún mi. Ní Sọ́ńdè, mi ò gbọ́ ìwàásù kankan nínú ìjọ wa. Mò ń ro kọ́kọ́rọ́ tó wà lọ́wọ́ bàbá. Bí Ìyá Ìjọ ṣe ti Ìlọrin dé, wọ́n bi mí pé kí ni wọ́n kọ́ wa. Mo sọ ti olùṣọ́-àgùntàn àti agbo fún wọn. Ìyókù, mo gbé e mì.

Ó pẹ́ díẹ̀ kí n tó gbọ́ bó ṣe parí. Ìyá Ìjọ ló lọ sí ìpàdé mìíràn fúnra wọn, wọ́n padà wá bá mi nílé, wọn ò tíì jókòó tí wọ́n fi ń sọ̀rọ̀. "Tíṣà, pásítọ̀ kan láti Ẹ̀rìn-Ilé dìde níwájú gbogbo wa lónìí. Ó ní òun fẹ́ sá fi ìjọ òun sílẹ̀ nígbà tí ìyàwó òun kú, pé obìnrin kan tí kì í ṣe olórí rárá ló ní kí òun sọ fún wọn pé ó rẹ òun. Ó sọ fún wọn lóòótọ́. Àwọn alàgbà ní kó lọ sinmi lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀, wọ́n sì bá a di àyè rẹ̀ mú títí tó fi padà dé. Ẹ̀yin nìyẹn, àbí ẹ̀yin kọ́?"

Mo ní èmi ni. Wọ́n wò mí, wọ́n wá rọra jókòó. Wọ́n ní, "Ó máa ń rẹ èmi náà o." Mo lọ gbé omi wá fún wọn, a sì jọ sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Tẹ́lẹ̀, mo máa ń rò pé ọ̀nà méjì ni ìjọ pín sí, àwọn tó ń gbé ẹrù àti àwa tí à ń kó ẹrù fún wọn. Ọdọọdún ni mo máa ń gbé tèmi lọ bá àlùfáà, tí mo máa ń fúyẹ́ darí wálé, kò sì wá sọ́kàn mi rí láti béèrè ibi tí òun ń sọ tiẹ̀ kalẹ̀ sí. Ọ̀dọ̀ fèrèsé lẹ́yìn ni mo ṣì ń jókòó sí dòní, mi ò sì fẹ́ oyè kankan. Àmọ́ bí ìsìn bá parí, tí àlùfáà wa bá ń bọ̀ wá lọ́wọ́ lẹ́nu ọ̀nà, mo máa ń bi wọ́n pé, "Sà, ẹ̀yin alára ńkọ́?" Wọ́n á ní a dúpẹ́. Èmi ò ní tíì fi ọwọ́ wọn sílẹ̀.