Enelesi Kúrò Nídìí Òkú

Ní abúlé wa lẹ́bàá ìlú Ntcheu, kò sẹ́ni tó ní kòkòrò éèdì. Èèyàn kàn máa ń rù ni, ibà á sì pa á. Ẹ̀gbọ́n wa Enelesi nìkan ló ní in. Ọdún mọ́kànlá rèé tó ti ń lo oògùn rẹ̀ lójoojúmọ́, ó sanra, ojú rẹ̀ ń dán, àwa tí ara wa le sì ń káàánú rẹ̀.

Lọ́jọ́ Ajé, bàbá Chimwala kú. Títí òkú yóò fi wọlẹ̀, obìnrin kankan ò gbọ́dọ̀ kúrò lábúlé. Èyí tó bá lọ, lọ́jọ́ tirẹ̀, kò sẹ́ni tí yóò fọwọ́ kan pósí rẹ̀. Ká kú ò sì bà wá lẹ́rù tó ká má rẹ́ni sin wá.

Àwọn ọmọ bàbá ò tíì ti ìlú Blantyre dé, ni wọ́n bá sún ìsìnkú sí Ọjọ́bọ̀. Ọjọ́rú nìkan ni wọ́n ń pín oògùn nílé ìwòsàn, hóró kan ṣoṣo ló sì kù nínú ìgò Enelesi.

Ní Ọjọ́rú, a ń ro nsima, ọkà àgbàdo wa, lọ́wọ́ nígbà tí Enelesi, ìyá Dalitso, nu ọwọ́, tó sì kọrí sọ́nà. Falesi, ọ̀gá wa nídìí òkú, tó máa ń ka orí wa bí ẹni ka adìyẹ, dínà fún un.

"Ìyá Dalitso, níbo? Òkú ṣì wà nílẹ̀ o."

"Mo ń lọ gba oògùn mi, Màmá."

Falesi, tó máa ń bá gbogbo ayé tijú, rẹ ohùn sílẹ̀. "O ò kàn lè sọ pé ara ọmọ ò yá?"

"Ara ọmọ le. Bí mi ò bá lọ, ẹ má pa iná yìí o. Ẹ ó tún fi se tèmi."

Falesi bi í pé ta ni yóò wá sin ín. Enelesi ní ìyẹn ò kan òun lónìí, ó sì kọjá lọ.

Àbúrò Falesi gan-an, Tiyanjane, dìde, ó gbọn eérú aṣọ rẹ̀ nù, ó tẹ̀lé e. Ọmọbìnrin olóyè abúlé wa náà tẹ̀lé wọn. Falesi yíjú sí mi, ó ní ó kéré tán èmi mọ òfin. Ojú tì mí. Ọdún mẹ́rin ni mo ti ń gba ẹ̀yìn odò yọ́ lọ sílé ìwòsàn yẹn, oògùn tèmi sì ti tán láti ọjọ́ Àìkú. Mo fi ọmọrogùn lé e lọ́wọ́, mo sì sáré tẹ̀lé wọn.