Sìmẹ́ńtì Lára Ọkọ̀ Bàbá Àgbà

Kó, kó, kó. Ìyá àgbà ń fi èékù ọ̀bẹ kan ara ọkọ̀ náà, wọ́n sì ń tẹ́tí sí i. Nígbà tí wọ́n dé ìsàlẹ̀, ohùn yí padà: gbì. Wọ́n tún un kàn. Mo mọ ohun tó wà níbẹ̀.

Ọkọ̀ onígbòkun tí bàbá àgbà fi ọwọ́ ara wọn kàn ní Ẹ̀pẹ́ ni. Lẹ́yìn ikú wọn, bàbá mi fi lọ́rì gbé e wá sí ẹ̀yìnkùlé wa ní Agége, wọ́n gbé e ka orí ìtì igi mẹ́rin. Ọdún méjì ló lò níbẹ̀. Ọyẹ́ fẹ́ sí i títí pákó fi súnkì, tí ìka mi ń wọ àárín wọn. Bàbá mi, tó ń mọ búlọ́ọ̀kù ní Ìkẹjà, fi sìmẹ́ńtì dí gbogbo àlàfo náà, wọ́n wá fi ọ̀dà kùn ún. Ó dán, ó wu ojú. Èmi ni mo po sìmẹ́ńtì ọ̀hún.

Ní Sátidé ọ̀sẹ̀ yẹn, bàbá mi àti ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin fẹ́ wà á gba orí ọ̀sà lọ sí Ẹ̀pẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi kò sì mọ omi í wẹ̀.

“Ta ló kó sìmẹ́ńtì sára ọkọ̀ ọkọ mi?” Ìyá àgbà pariwo.

Bàbá mi jáde síta. “Màmá, èmi ni. Ó ti lanu jù.”

“Òwú la fi ń dí ọkọ̀, òwú àti ọ̀dà dúdú. Igi á mu omi, á wú, òwú á sún fún un. Ṣé sìmẹ́ńtì máa sún? Ìṣó ni igi máa fà tu, ẹ ó sì wà láàárín ọ̀sà.”

“Àwọn ará Ẹ̀pẹ́ ń retí wa, Màmá. Sátidé ò yẹ̀.”

Nílé tí wọ́n bí ìyá àgbà sí, ọkọ̀ tó bá pẹ́ lórí ilẹ̀ gbọ́dọ̀ mu omi lórí ilẹ̀ kó tó rí odò. Láti àárọ̀ Ọjọ́rú, èmi àti ìyá àgbà ń fa omi kànga, a ń rẹ àpò, a ń tẹ́ ẹ sínú ọkọ̀. Gbogbo ẹ̀yìnkùlé ń rùn fún àpò tútù. Bàbá mi kì í dá sí wa. Ní Ọjọ́bọ̀, nǹkan kan ò ṣe ọkọ̀ náà. Ní Ọjọ́ Ẹtì, kò sí nǹkan. Ẹ̀rù bà mí pé ìyá àgbà ti ṣàṣìṣe, ẹ̀rù tún ń bà mí pé wọn ò ṣàṣìṣe.

Láàárọ̀ Sátidé, lọ́rì tó fẹ́ gbé ọkọ̀ lọ sétí ọ̀sà ti ń kùn lẹ́nu ọ̀nà. Bàbá mi di okùn mú. “Ẹ rí i báyìí, Màmá? Kò ṣe nǹkan kan.”

Ẹ̀gbọ́n mi ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti gbé ẹ̀yìn ọkọ̀ ni a gbọ́ gbàà! Pákó ìsàlẹ̀ kan já kúrò lára ìṣó, sìmẹ́ńtì sì fọ́ sílẹ̀ sí ẹsẹ̀ rẹ̀.

Bàbá mi lóṣòó, wọ́n ń fọwọ́ kan ìṣó náà. Mo rò pé ìyá àgbà á fi wọ́n ṣẹ̀sín. Ìyá àgbà kàn wọlé, wọ́n mú ṣísẹ́ẹ̀lì tí wọ́n fi ń gbẹ́ igi jáde, wọ́n nà án sí ọmọ wọn. “Yọ sìmẹ́ńtì náà díẹ̀díẹ̀. Má ṣe igi yẹn léṣe.”

Mo bú sẹ́kún. “Ìyá àgbà, èmi ni mo pò ó.”

“Mo mọ̀. Mo ti rí i ní èékánná rẹ láti Ọjọ́rú. Lọ bá mi mú òwú wá.”

Láti ìgbà yẹn, n kì í gba ohun tó dán gbọ́ àfi tí mo bá kàn án. Ẹ̀gbọ́n mi ti lé ní ọgọ́rin ọdún báyìí. Ó ṣì máa ń ṣàwàdà pé ìyá àgbà ba ìrìnàjò òun jẹ́. Mo máa ń rẹ́rìn-ín, màá wo orí rẹ̀ tó ti funfun tán. Títí dòní, kò mọ omi í wẹ̀.