Ìdérí Ìgò Kọkànlá

Ọwọ́ ara mi ni mo fi ba iṣẹ́ àbúrò mi obìnrin jẹ́, mo sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bí mo ṣe ń bà á jẹ́, torí mo rò pé àánú ni mò ń ṣe. Nima, àdúgbò kan lẹ́yìn odi, la ń gbé nígbà yẹn. Mo ti fi ilé ìwé sílẹ̀ ní JSS, mò ń kọ́ṣẹ́ wẹ́dà. Àbúrò mi ní tirẹ̀ wà ní SSS, kẹ́mísìrì ló fi ń sùn, òun ló fi ń jí. Ilé ìwé wọn fẹ́ mú akẹ́kọ̀ọ́ kan ṣoṣo lọ síbi ìdíje sáyẹ́ǹsì, ẹni tí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ bá dára jù lójú tísà ni yóò lọ. Àbúrò mi fẹ́ lọ ju bó ṣe fẹ́ jẹun lọ. Ó wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ bá mi tẹ irin. Òrùka mẹ́ta, kí kékeré wà nínú ńlá."

"Kí lo fẹ́ fi ṣe? Àgò adìẹ?"

"Átọ́ọ̀mù ni. Ti sódíọ́ọ̀mù, tó wà nínú iyọ̀."

Mo ní iyọ̀ tí èmi ń jẹ kò ní òrùka nínú. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó wá jókòó sórí pákó, ó ṣàlàyé fún mi. Ó ní kókó átọ́ọ̀mù wà láàárín, àwọn nǹkan tíntìntín kan tó ń jẹ́ ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù wà yí i ká, wọn kì í sì í wà rúdurùdu. "Ẹ fi wé sọ́fù, ìlà tí a ń tò sí láti kírun. Ṣé ti iwájú kọ́ ló gbọ́dọ̀ kún kí ẹnikẹ́ni tó to ti ẹ̀yìn?" Òrùka àkọ́kọ́ gba méjì péré. Ìkejì gba mẹ́jọ. Mọ́kànlá ni sódíọ́ọ̀mù ní, nítorí náà ọ̀kan tó ṣẹ́ kù á bọ́ sórí òrùka kẹta, òun nìkan.

Mo tẹ irin náà, mo jó wọn pọ̀. Ó fi ìdérí ìgò mínírà ṣe ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù, ó fi wáyà so wọ́n mọ́ òrùka. Mo máa ń dúró wò ó títí ọ̀gá mi á fi pè mí. Gbogbo ọjọ́ ayé mi ni mo ti ń jẹ iyọ̀, mi ò mọ̀ pé irú ètò bẹ́ẹ̀ wà nínú rẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí tísà máa yẹ iṣẹ́ wọn wò, àbúrò mi wà nílé ìwẹ̀. Mo wo ìdérí kan ṣoṣo tó wà lórí òrùka kẹta, ó ṣe mí láàánú. Ní mọ́ṣáláṣí tiwa, bí èèyàn bá dé tó bá sọ́fù tó ti kún, a kì í jẹ́ kó dá dúró lẹ́yìn. Á rọra fọwọ́ kan ẹnì kan níwájú, onítọ̀hún á sún sẹ́yìn wá bá a. Mo ní àbúrò mi ti gbàgbé apá ibẹ̀ yẹn. Mo tú ìdérí kan lórí òrùka kejì, mo so ó mọ́ ẹ̀gbẹ́ ẹni tó dá wà. Ó dára lójú mi. Mo fi aṣọ bò ó, mo bá a gbé e wọ tròtró, ọkọ̀ èrò. Méètì tó ń gba owó ọkọ̀ ń bi wá bóyá ẹyẹ ló wà nínú rẹ̀.

Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì. Tísà dé iwájú iṣẹ́ àbúrò mi, ó ṣí aṣọ, ó kà á. "Méjì, méje, méjì. Ta ló kọ́ ẹ ní èyí?"

Ọmọkùnrin kan pariwo láti ẹ̀yìn: "Ei, Alata! Sódíọ́ọ̀mù tiyín ti gbéyàwó!" Alata ni wọ́n ń pe àwa Yorùbá níbẹ̀. Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín.

Àbúrò mi wo òrùka, ó wo èmi. Ó yé e. Ó yẹ kí n wọlé kí n sọ pé èmi ni, ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà náà ni mo dúró sí. Ó na ọwọ́, ó tú ìdérí tí mo gbé jáde.

"Ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù kì í kírun, sà. Kókó átọ́ọ̀mù di àwọn tó wà nínú mú gan-an. Bí wọ́n bá tiẹ̀ fipá fa ọ̀kan jáde, ààyè rẹ̀ kì í pẹ́ kún." Ó so ó padà sórí òrùka kejì. Ó wá fọwọ́ kan èyí tó dá wà. "Èyí ló jìnnà jù, kò ṣòro fún un láti lọ. Kílóríìnì ní méje lórí òrùka ìta tirẹ̀, ó ku ọ̀kan kó pé mẹ́jọ. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ lèyí ń lọ, ibẹ̀ la ti rí iyọ̀. Ká ní kò dá wà ni, ọbẹ̀ wa ì bá tẹ́."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Títí dòní, mi ò tíì rí ẹni tó wù mí tó bẹ́ẹ̀. Tísà mi orí, ó ní àlàyé náà kò lábùkù, ṣùgbọ́n ohun tí òun bá lórí tábìlì lòun máa fún ní máàkì. Ọmọkùnrin tó pariwo yẹn ni wọ́n mú.

Nínú ọkọ̀, mo bẹ̀ ẹ́. Ó gbé òrùka náà lé ẹsẹ̀, ó ń wo ìta.

"Mo mọ ìdí tẹ́ ẹ fi ṣe é, Bọ̀ọ̀dá. Ẹ ò fẹ́ kó dá wà."

"Kí ni kí n ṣe fún ẹ?"

"Ẹ jókòó kí n kọ́ yín, látorí átọ́ọ̀mù tó ní ẹyọ kan dé orí èyí tó ní ogún. Ẹ má sá o."

A bẹ̀rẹ̀ lóòótọ́, nínú àgbàlá, lórí bẹ́ǹṣì kan. A kà á dé mọ́kànlá. Lẹ́yìn náà ni iṣẹ́ géètì wọlé, mo ní ọ̀la, mo ní Jímọ̀ tó ń bọ̀, títí ó fi parí ìwé tó sì lọ.

Mo ti ní ṣọ́ọ̀bù tèmi báyìí ní àdúgbò Kotobabi. Òrùka náà wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ti dípẹtà, àwọn oníbàárà máa ń béèrè iye tí mo fẹ́ tà á. Àbúrò mi ti di tísà kẹ́mísìrì nílùú kan lápá òkè. Ó ní òun máa ń sọ fún àwọn ọmọ kíláàsì òun nípa bọ̀ọ̀dá kan tí àánú sódíọ́ọ̀mù ṣe, kò sì sọ ọ́ kí wọ́n lè fi mí ṣẹ̀sín. Ìgbàkígbà tó bá pè mí lórí fóònù, lẹ́yìn tó bá ti kí ìyàwó àti ọmọ, á béèrè:

"Bọ̀ọ̀dá, ibo lẹ bá a dé?"

"Ibi iyọ̀ náà ni."

Á rẹ́rìn-ín. Èmi náà á rẹ́rìn-ín. Bí mo bá gbé fóònù sílẹ̀ tán, màá wo ìdérí tó dá wà yẹn lórí òrùka ìta. Ó ku átọ́ọ̀mù mẹ́sàn-án tí mo jẹ àbúrò mi ní gbèsè.